Gbọ̀ngán alámọ̀ abúlé wa
Ẹ ǹlẹ́ o. A fẹ́ tún gbọ̀ngán alámọ̀ táwọn bàbá wa kọ́ ṣe kí ọdún egúngún tó dé, páànù ti wà nílẹ̀ àmọ́ sìmẹ́ǹtì tá a fi rẹ́ ògiri léṣìí ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, kí la máa ṣe?

Èsì: Ẹ ha á kúrò jàre! Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí, omi á kàn sé sínú ògiri. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn.

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́ṣáláṣí ńlá alámọ̀ tó wà ní ìlú Djenné ní Mali ńkọ́, ọdọọdún làwọn ará ìlú ń fọwọ́ ara wọn rẹ́ ẹ, tọmọdé tàgbà.

Onìbéèrè: Ìgbẹ́ màlúù kẹ̀! 😂 Ẹ ṣé o, mo ń lọ bá baálẹ̀.