Àjọ̀dún oúnjẹ l'Oniru: báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é pẹ̀lú ọ̀rẹ́ láàárín èrò yẹn?

Adùkẹ́ Ìpájà:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún tá a jọ sin ìlú pọ̀ fẹ́ lọ síbi àjọ̀dún oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ báǹkì GTCO máa ń ṣe l'Oniru lásìkò May Day, èyí tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti 2016 yẹn, tí wọn kì í gba owó ìwọlé. Ó ti pẹ́ tá a ti ń sọ ọ́ pé a máa lọ, èrò ló ń dẹ́rù bà mí. Àǹtí mi kan lọ lọ́dún kan, ó ní àwọn to sí láìnì asun títí ẹsẹ̀ fi wú, ìgbà tó máa fi kàn wọ́n asun ti tán, àwọn tí wọ́n jọ lọ ti fọ́n ká, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù kò lọ, kálukú bá dá wọkọ̀ ẹ̀ lọ sílé láìjẹ nǹkan gidi.

Èmi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa torí a ò kì í ráyè ríra mọ́. Iṣẹ́, ọmọ, ọkọ, ìlú Èkó fúnra ẹ̀. Mo fẹ́ ká jẹun pọ̀, ká tún gbọ́ ohùn ara wa.

Ìpájà ni mò ń gbé, ọ̀kan wà ní FESTAC, àwọn méjì ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Yábàá. Ti Yábàá yẹn ló lóyún oṣù mẹ́fà sínú báyìí, ó sì ti búra pé kò sẹ́ni tó máa fi òun sílé. Ọ̀kan nínú àwọn Ìkòròdú ńkọ́, ẹ̀pà ò bá a lára mu rárá, ètè ẹ̀ á wú, kò ní lè mí dáadáa. Owó wa náà ò pọ̀ lọ títí. Aago mélòó ló dáa ká débẹ̀, kí la máa wọ̀, báwo la ṣe máa jẹ nǹkan púpọ̀ láì ná owó oṣù tán? Ẹ ṣeun.

Bàbá Rashida:

Àdùkẹ́ ẹ kú àfojúsọ́nà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ, a ò sì kì í bára wa jà tá a bá ń bọ̀, torí nǹkan kan ṣoṣo: a kì í to láìnì pọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé ọ̀rẹ́ mẹ́fà á tò lẹ́yìn ara wọn síwájú ìsọ̀ kan náà, kálukú á ra àwo tiẹ̀, oúnjẹ kan náà, tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ wọ́n á tún lọ tò síbòmíì, ilẹ̀ ti ṣú, ohun tí wọ́n tọ́ wò ò ju méjì lọ.

Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ yí gbogbo ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ fi imú àti ojú yàn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ibì kan tó ní ìbòòji tí gbogbo yín mọ̀, kí aláboyún jókòó síbẹ̀ kó máa ṣọ́ báàgì, kí ẹ̀yin mẹ́rin tó kù lọ to láìnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ọ̀fadà, ẹnìkan asun, ẹnìkan bọ̀ọ̀lì àti ẹja, ẹnìkan nǹkan mímu. Kálukú ra èyí tó pọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ wá sójú kan, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ bọ̀ ọ́. Láàárín àkókò tẹ́ni kan máa fi jẹ asun nìkan, ẹ̀yin ti jẹ oúnjẹ mẹ́rin, owó náà ò sì ní wọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ tètè lọ ṣá. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá tìtorí orin ló máa pọ̀ ju àwọn tó wá jẹun lọ.

Ìyá Alásun:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi máa ń tajà nírú àwọn ibi báyìí, kì í ṣe Oniru nìkan, ibikíbi tí wọ́n bá ti pàgọ́ oúnjẹ ní Èkó yìí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Rashida dáa, àmọ́ mi ò fara mọ́ tètè lọ yẹn tán. Ẹ má wá bá wa nígbà tá a ṣì ń da èédú. Aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn yẹn, iná ò tíì pọ́n, ẹran tẹ́ ẹ máa rí lójú iná, ó ti pọ́n lẹ́yìn, inú ẹ̀ ò tíì jinná, oníbàárà sì ti ń sọ pé kí n ṣe kíá. Wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni ọwọ́ gbogbo wa ti mọ́lẹ̀, èrò ò sì tíì wọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí láìnì asun fi ń pẹ́. Ẹran ewúrẹ́ yẹn, a ti fi iná wì í, a ti yan án sílẹ̀ kí èrò tó wọ́. Kì í ṣe yíyan ló ń dá yín dúró. Gígé ẹ̀ ni, àti páànù. Ẹnìkan á máa gé e wẹ́wẹ́ teegun teegun, ẹnìkejì á da òróró díẹ̀ sí páànù, àlùbọ́sà, ata rodo tá a gún tí kò kúnná, á wá da ẹran lé e, á máa rò ó títí ata á fi wọ inú ẹran tí etí ẹ̀ á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Páànù kan ò lè gba ju ẹran èèyàn bíi mélòó kan lọ. Tẹ́ ẹ bá rí alásun tó ní páànù kan àti ẹnìkan tó ń gé ẹran, ẹ wo láìnì ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tò. Èyí tó ní páànù méjì mẹ́ta, bí láìnì ẹ̀ bá tiẹ̀ gùn, á yára.

Owó náà tún ń dá láìnì dúró. Tí èrò bá ti pọ̀, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, ẹni tó ṣe tiráńsífà á dúró síwájú wa, alẹ́ẹ̀tì ò wọlé, a ò lè fún un lóúnjẹ, a ò lè lé e. Ẹ mú owó ọwọ́ dání, kó jẹ́ owó wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá na owó ọwọ́ sí mi, mo máa ń dá a lóhùn kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ oúnjẹ tó ti jókòó tútù, pàápàá aláboyún. Oúnjẹ gbígbóná, ó yẹ kó gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ ní Celsius, tó bá ti wà lórí tábìlì láìsí iná lábẹ́ ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo bóyá èéfín ń jáde lára ẹ̀. Ẹja tí wọ́n ti yan láàárọ̀ tí wọ́n kàn ń da ata lé lórí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà sórí iná lójú yín. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú.

Mummy T:

Ẹ jọ̀wọ́ èmi ò gbádùn ìmọ̀ràn kẹ́ni márùn-ún máa pín àwo kan o. Tí mo bá ti Ìpájà rìn dé Oniru torí ọ̀fadà àti ayamáṣe, mo fẹ́ jẹ ẹ́ yó, mo fẹ́ tú ewé yẹn fúnra mi, kí n rí epo tó ń dán lára irú àti ṣàkì, kí n jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Oúnjẹ ẹnu méjì ẹnu mẹ́ta, ìpápánu nìyẹn. Kálukú ló mọ ohun tó gbé e jáde nílé.

Bàbá Rashida:

Mummy T, mo gbọ́ yín, ẹ ò purọ́ nípa ọ̀fadà. Àmọ́ ohun tí Adùkẹ́ sọ ni pé àwọn ò kì í ráyè ríra. Àwo tó wà láàárín gbogbo yín ló ń mú kẹ́ ẹ kojú síra. Kálukú tó bá gbé àwo tiẹ̀ lọ́wọ́, ojú ẹ̀ á wà nínú àwo ẹ̀. Tí ọ̀kan bá wá dùn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ lè padà lọ rà á ní àràjẹ.

Tóbi Peckham:

Ẹ n lẹ́ o láti London. Ti ọ̀rẹ́ yín tí ẹ̀pà ò bá lára mu yẹn ló mú mi dá sí i, torí àbúrò mi nìyẹn gan-an. Níbí, òfin ti sọ ọ́ pé oríṣi nǹkan 14 wà tí gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà bóyá wọ́n wà nínú oúnjẹ ẹ̀, ẹ̀pà wà lára ẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ nínú mọ́tò lójú títì náà ò yọ sílẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹnu yín lẹ máa fi béèrè.

Súyà ló kọ́kọ́ léwu. Yájì tí wọ́n ń wọ́n sí i, kúlíkúlí lílọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀pà ni. Kilíṣí náà ní ẹ̀pà. Ẹ má rò pé téèyàn bá ní kí wọ́n má wọ́n yájì, ó ti bùṣe, wọ́n ti fi pa ẹran yẹn lára kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè irú òróró tí wọ́n fi ń dín àkàrà, dòdò àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Kẹ́ ẹ tún wo ọ̀bẹ àti pákó tí wọ́n fi ń gé ẹran, torí ìsọ̀ tó ń ta súyà àti asun pọ̀, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ẹ wá fiyè sí i, tẹ́ ẹ bá máa fọwọ́ bọ àwo kan náà bí Bàbá Rashida ṣe wí, kí ẹnikẹ́ni má ra súyà wá sójú ibẹ̀ rárá. Ọwọ́ ẹni tó jẹ súyà tó tún bọ inú ọ̀fadà ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín tí ẹ̀pà ò bá lára mu náà mú oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tí dókítà bá fún un dání, kí ẹnìkan nínú yín mọ àpò tó fi sí.

Adùkẹ́ Ìpájà:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Tóbi, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti pákó yẹn tẹ́lẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní a ti yọ súyà kúrò, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó wà ní FESTAC ní òun fẹ́ gbé mọ́tò wá kó kó gbogbo wa. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìkòròdú:

Àǹtí Adùkẹ́, kó fi mọ́tò ẹ̀ sílé jọ̀ọ́. Ọ̀nà Water Corporation tó lọ síbi àjọ̀dún náà kì í gba mọ́tò tọ́jọ́ bá pé, ibi tẹ́ ẹ máa páàkì sí lè jìnnà débi pé ẹsẹ̀ náà lẹ máa fi rìn padà. Ti FESTAC, kó lọ wọ rélùwéè Blue Line ní Mile 2, láti September 2023 ni wọ́n ti ń kó èrò dé Marina, kó ra káàdì Cowry sílẹ̀, wọn kì í gba owó ọwọ́. Tó bá dé Marina, kó wọ ọkọ̀ tó ń lọ apá Lẹ́kì láti CMS, kó sọ̀ ní Sandfill. Ẹ̀yin láti Ìpájà, ẹ gba Ọbálẹ́ndé. Kẹ́ ẹ má retí ọ̀kadà o, wọ́n ti fòfin dè é ní gbogbo Ẹ̀tì-Ọ̀sá láti oṣù kẹfà 2022. Kí aláboyún tó wà ní Yábàá gba táásì orí fóònù láti ilé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dá owó ẹ̀ jọ kò ní nira.

Ẹ wọ bàtà tó tẹ́ tó sì bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ mú agbòòrùn. Asìkò yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀, òòrùn á mú láàárọ̀, òjò á sì lè ya lọ́sàn-án láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Oniru sì jẹ́ ilẹ̀ tí omi kì í tètè fà ńbẹ̀. Ẹ mú abọ́ àti ṣíbí tiyín dání náà. Láti January 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ (styrofoam) yẹn, àwọn kan á fún yín ní abọ́ bébà tí ọbẹ̀ á jò ní ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ jókòó sí.

Ìyá Alásun:

Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn dáa o. Ẹni tó bá gbé kúlà kékeré wá síwájú mi, mo máa ń bù fún un dáadáa torí mi ò ní náwó abọ́.

Adùkẹ́ Ìpájà:

Kúlà ti wà nínú báàgì! Àwọn ará Ìkòròdú yìí ń bi mí bóyá ojú omi làwọn lè gbà, kí wọ́n má bàa jókòó sínú gosilóò Mile 12.

Ọmọ Ìkòròdú:

Ó ṣeé ṣe, èmi náà ń gbà á. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí ibùdókọ̀ ojú omi Five Cowries ní Fálómọ̀, kò jìnnà sí Oniru mọ́ látibẹ̀. Kí wọ́n rí i pé wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, kí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà torí ọjọ́ ìsinmi ni. Ti àbọ̀ ni kí wọ́n má gbọ́kàn lé e. Ọkọ̀ ojú omi kì í rìn lálẹ́, òfin ò gbà á, tí wọ́n bá fẹ́ dúró di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n ti ní owó mọ́tò lọ́wọ́ fún ìpadàbọ̀, tàbí kí wọ́n sùn sọ́dọ̀ ti Yábàá.