Rédíò àdúgbò wa: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ rédíò àdúgbò wa n'Ìbàdàn, ẹ ṣeun o. Ẹjọ́ tí mo rò ni pé wọ́n yọ àpàlà àti sákárà àárọ̀ Sunday kúrò, orin àwọn ọmọ ìwòyí ni wọ́n ń lù ṣúlẹ̀.

Ẹni tó ní ká kọ lẹ́tà, ìmọ̀ràn yín ló ṣiṣẹ́. Àwa 17 la fọwọ́ sí i. Ní báyìí, àárọ̀ ti di ti orin àtijọ́, ọ̀sán ti jùjú àti fújì, alẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lánàá, mo ń pọ́n mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Haruna Ishola, olórin àpàlà, bẹ́ jáde, tagídìgbo tiṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ti kú láti 1983! Ewé bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, ta nìyẹn?"

Sákárà nìkan ló ṣì kù díẹ̀ káàtó: Yusuf Olatunji kan péré, wọn ò sì jẹ́ kó parí tí ìpolówó fi já lù ú. (Ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ má wulẹ̀ béèrè.)

Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.