Báwo la ṣe ń ṣírò wákàtí tí ọkọ̀ òfuurufú ń lò láti London dé Tokyo?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìṣirò yìí wò. Láti Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú ní London, dé Haneda, pápákọ̀ òfuurufú ní Tokyo, bí a bá na okùn sórí ayé tó rí róbótó yìí, nǹkan bíi kìlómítà 9,600 ni. Kìlómítà 6,371 ni mo lò láti àárín ayé dé ojú ilẹ̀. Mo sì ti yí dígírì padà sí radian (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn igun), torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti máa ń dàrú.

Bí ọkọ̀ bá ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 40 ni. Ká fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 14 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì! Láti 2022, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba òkè Rọ́ṣíà kọjá mọ́, ti Japan náà sì ń yà fún un.

Ṣé kí n gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́ ni, bíi London sí Istanbul, Istanbul sí Almaty ní Kazakhstan, kí n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀? Àbí kí n kàn kó wákàtí tí ọkọ̀ fi fò gan-an fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí n mú èyí tó bọ́ sí àárín?

Atẹ́gùn òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ńkọ́? Ó máa ń le sí i nígbà òtútù, ó sì ń dín eré ọkọ̀ tó bá ń fò sí ìwọ̀ oòrùn padà sí London kù. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí n fi kún ìpadàbọ̀?