Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èló ló yẹ kí n máa ta àpótí oúnjẹ oṣooṣù n'Abuja níbí?

Ìyá Àpótí, Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín gan-an ni. Mo máa ń di oúnjẹ ilé wa sínú páàlì fún àwọn Yorùbá tó wà n'Abuja, wọ́n á sanwó lóṣooṣù, màá sì jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, irú, ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ àti ẹja díẹ̀ ló ń wà nínú ẹ̀. Bódìjà ni wọ́n ti ń fi ọjà ránṣẹ́ sí mi, màá lọ gbà á ní páàkì Útákò. ₦15,000 ni mò ń gbà, délífárì ti wà nínú ẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i, àmọ́ oṣù á parí n ò ní rí owó gidi kan dì mú. Ọjà inú páàlì kan ń jẹ ₦9,200 pẹ̀lú wébíìlì. Páàlì, ọ̀rá àti sítíkà jẹ́ ₦1,150. Délífárì ₦2,500 ni ní Kubwa àti Gwarinpa, Lugbe àti Karu ₦4,000. Ọmọ tó ń bá mi dì í ń gba ₦30,000 lóṣù. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ₦18,000 fún gbogbo wọn, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sá. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Akáúntì, Garki:
Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ papọ̀. Tó bá jẹ́ Paystack, àwọn tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fi ń san, 1.5% pẹ̀lú ₦100 ni wọ́n ń yọ, ìyẹn ₦325 lórí ₦15,000. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: ti Kubwa jẹ́ ₦13,175, ó ṣẹ́ kù ₦1,825. Ti Lugbe jẹ́ ₦14,675. ₦325 péré lẹ ń rí lórí páàlì Lugbe kan! Ẹ ò tíì san owó ọmọ yẹn, ẹ ò tíì ra dátà, irú tó bàjẹ́ ò tíì sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ tí owó ò pọ̀.

Mi ò ní gbé iye páàlì sókè tó bá jẹ́ èmi. Délífárì ni màá yọ kúrò nínú ẹ̀, kí kálukú san ti àdúgbò ẹ̀. ₦15,000 á wá dúró fún páàlì nìkan, ẹ á ní ₦4,325 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páàlì méje àkọ́kọ́ lóṣù á san owó ọmọ yẹn, ìyókù ló kan ẹ̀yin àti dátà.

Àbúrò Nyanya:
Ṣé wọn ò kúkú lè fi 30% lé iye tó ná wọn ni, kó tán síbẹ̀?

Bọ̀dá Akáúntì, Garki:
Ibẹ̀ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. ₦10,675 ló ná wọn láìsí délífárì. Fi 30% lé e, ó di bíi ₦13,877, àmọ́ 23% lèrè yẹn jẹ́ nínú owó tí kọ́sítọ́mà san. Tó o bá fẹ́ kí 30% nínú owó ọjà jẹ́ èrè, 0.70 lo máa fi pín ₦10,675 yẹn, á sún mọ́ ₦15,250.

Ìyá Ìbejì, Gwarinpa:
Mo gbà pẹ̀lú bọ̀dá, ẹni tó wà ní Lugbe nìkan ló ń dùn mí, ₦19,000 á já a láyà. Ẹ fi délífárì sí ọjọ́ méjì lóṣù, lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti wọlé, kí ẹ bá oní-dispatch kan dúnàádúrà fún odindi ọjọ́, kó gba apá Lugbe lọ́jọ́ kan, kó gba apá Karu àti Nyanya lọ́jọ́ kejì. Kò ní gbowó kan náà bí ìgbà tó ń gbé ẹyọ kan lọ.

Àti pé àwọn tó ń san oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣọ́ owó yẹn o! Ti oṣù kan péré ni tiyín nínú ẹ̀, ìyókù owó ọjà ni, ẹ fi sí akáúntì ọ̀tọ̀. Ẹ má sì ṣèlérí iye kan náà ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí owó ata ṣe máa ń rí tí òjò bá ti wọlé. Ẹ má kọ "panla" sí ara ìwé yín, ẹ kọ "ẹja", kí ẹ lè fi òmíràn rọ́pò tó bá wọ́n.

Alhaja Wuse:
Ọmọ mi, kí lo fi ń wọn èlùbọ́?

Ìyá Àpótí, Kubwa:
Mudu ni mà, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà níbí.

Alhaja Wuse:
Háà! Mudu tí wọ́n bù kí orí ẹ̀ ga, ọwọ́ ẹni tó bù ú ló ń pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó. Ọmọ tó ń bá ẹ dì í lè láàánú ju ìwọ lọ. Àpò 50kg yẹ kó fún ẹ ní ọ̀rá 2kg mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tó bá jẹ́ mẹ́tàlélógún lo rí, ọ̀rá méjì ti bá ọwọ́ lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì jí i. Ra sìkéèlì onínọ́ńbà, gbé e ka tábìlì, kí gbogbo ọ̀rá gba orí ẹ̀ kọjá kí ẹ tó so ó. Ẹ̀gúsí gan-an ló yẹ kó o ṣọ́ jù, òun ló wọ́n.

Ìyá Àpótí, Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé gbogbo yín. N ò ronú kan sìkéèlì rárá, màá rà á lọ́sẹ̀ yìí. ₦15,000 ló máa dúró, délífárì á kúrò nínú ẹ̀, màá sì fi tó wọn létí ní oṣù kan ṣáájú kí ó má dà bí ẹni pé mo já a lù wọ́n. Àwọn tó ti san oṣù mẹ́ta, bí mo ṣe bá wọn sọ ọ́ náà ni màá ṣe é fún wọn títí tiwọn á fi tán.

Àbúrò Nyanya:
Àǹtí, tí èmi àti àwọn mẹ́ta ní kọ́ńpáǹdì wa bá gbà á pọ̀, ṣé délífárì ẹyọ kan la máa san?

Ìyá Àpótí, Kubwa:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan. Kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi.