Bàbá ọmọ mi kú, ẹbí ẹ̀ ní àwọn ò mọ ọmọ mi rí

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ó pé oṣù méjì tí bàbá ọmọ mi kú l'Ékòó, a ò ṣègbéyàwó, kò tíì sanwó orí mi, àmọ́ kò fìgbà kan sọ pé òun kọ́ ló lọmọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, lójú màmá ẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún sínú abọ́ omi, ó ní Ayọ̀délé lòun sọ ọ́, òun náà ló ń san school fees. Àbúrò ẹ̀ wá ní ọmọ àlè ni, kí n má mú un wá síbi ilé tí wọ́n fẹ́ pín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ń bi mí pé kí ló dé tí ọ̀ńkù ò gbé ìpè òun mọ́. Orúkọ bàbá ẹ̀ wà nínú birth certificate NPC, ṣé ìyẹn tó?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìwé yẹn wúlò àmọ́ ẹ má gbára lé òun nìkan. Èyí tó lágbára jù ni pé bàbá ti jẹ́wọ́ ọmọ nígbà tó wà láyé. Látorí ẹjọ́ Alake àti Pratt ní 1955 ni kóòtù ti sọ ọ́ pé ọmọ tí bàbá bá jẹ́wọ́, òun àtàwọn tí ìyàwó tó fẹ́ lábẹ́ òfin bí ló jọ máa pín ogún. Section 42(2) nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà ní a ò gbọdọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí èèyàn fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú. Ó dùn mí gan-an pé èèyàn lè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́mọ àlè.

Àbẹ̀kẹ́:
Àǹtí mi, èmi náà la irú ẹ̀ kọjá. Ẹ wá fótò ìkómọ yẹn jáde lónìí, rísíìtì school fees, alert báńkì, voice note, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́ síbòmíì torí fóònù ń bàjẹ́. Voice note kan péré ló gbà mí, "kí lọmọ mi jẹ lónìí", ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, gbogbo ẹbí dákẹ́. Ẹ sì sáré lọ fi káfíàtì, ìwé tó ń dá wọn dúró, sí probate registry, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ogún, ní High Court kí wọ́n má lọ gbàwé ogún lẹ́yìn yín. Tí ò bá sówó lọ́yà, OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba Èkó, ò gbowó.

Ìyá Ayọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. DNA ńkọ́, nígbà tí wọ́n ti sin ín?

Bàbá Ìbejì:
Ó ṣeé ṣe. Ọkùnrin ṣáà ni Ayọ̀, Y chromosome tí bàbá ń fún ọmọkùnrin, ọ̀kan náà ló máa wà lára àbúrò yẹn tí wọ́n bá jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Àmọ́ ìdílé nìkan nìyẹn lè fi hàn, kò lè sọ èwo nínú wọn ló bí i, àwọn tó wà níbi ìkómọ ló máa parí ìyẹn. Màmá bàbá ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ayọ̀:
Màmá ò tíì sọ nǹkan kan. Màá mú Ayọ̀ lọ bá wọn ní Sátidé.