Ẹnubodè Yumen: kí ló dé tí oníṣòwò kò fi gba ẹ̀yìn kọjá?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nínú àwòrán, ilé amọ̀ onígun mẹ́rin kan péré ni Yumen, nítòsí Dunhuang ní Ṣáínà, aṣálẹ̀ tó tẹ́jú ló sì yí i ká. Kí ló ní kí oníṣòwò má darí ràkúnmí rẹ̀ gba ẹ̀yìn oníbodè kọjá? Ṣé lóòótọ́ ni pé koríko wà nínú odi ibẹ̀?

Èsì 1
Omi ni kí ẹ wò. Yumen wà lẹ́bàá irà odò Shule. Yangguan, bodè èkejì, wà níhà gúúsù, nítòsí ìsun omi. Ẹni tó bá sá fún méjèèjì ti sá fún omi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ràkúnmí gbọ́dọ̀ mu àmuyó kó tó dojú kọ aṣálẹ̀ Taklamakan. Ọ̀nà àríwá ń lọ sí ìlú Loulan, ti gúúsù ń lọ sí ìlú Khotan. Òkúta iyebíye jéèdì láti Khotan ló fún Yumen, ìyẹn “ẹnubodè jéèdì”, lórúkọ.

Èsì 2
Omi nìkan kọ́. Láyé ìjọba Han ní Ṣáínà, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n a máa tẹ́ yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi gígùn tó wà níbẹ̀, wọ́n á ha á kó lè jọ̀lọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ọmọ ogun á yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó bá rékọjá lóru, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà, tí wọ́n kọ sára pátákó pẹlẹbẹ, ni wọ́n ń béèrè ní bodè. Bí ọ̀tá bá yọ, èéfín lọ́sàn-án, iná lóru, láti ilé ìṣọ́ kan sí èkejì.

Òótọ́ ni ti koríko. Wọ́n á tẹ́ esùsú, wọ́n á da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lé e nípọn, wọ́n á tún tẹ́ esùsú. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ibẹ̀ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó le gan-an. Apá kan ṣì ga ju mítà 2 lọ.

Èsì 3
Ẹ má pa odi pọ̀ mọ́ ilé amọ̀ inú àwòrán o. Amọ̀ gígún ni ilé yẹn, nǹkan bíi mítà 24 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mítà 26 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ga tó mítà 10, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà níwọ̀-oòrùn àti àríwá.

Iyọ̀ tí ẹ ń yìn yẹn náà ló ń ba amọ̀ jẹ́. Ọ̀rinrin á gbé e gun ìdí ògiri. Bó bá gbẹ, iyọ̀ á wú, amọ̀ á máa ṣí, afẹ́fẹ́ á gbá a lọ. Ìdí á tínrín, orí á wúwo, ògiri á wó. Ìdí nìyí tí sìmẹ́ǹtì kò fi yẹ ẹ́ rárá: ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú. Irú amọ̀ kan náà ni kí wọ́n fi dí ibi tó ṣí.