Ọmọ mi ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀! Ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí o

Ìyá Àdìó, Manchester: Ọ̀kadà gbá ọmọ mi ọkùnrin ní Ìwó Road lánàá. Egungun itan rẹ̀ kán, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ti já sí 17. Dókítà ní àfi kó gba ẹ̀jẹ̀, ọmọ ní kò jọ ọ́. Èṣí ló wọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Káàdì kan tó sọ pé òun ò gba ẹ̀jẹ̀ ló yọ nínú pọ́ọ̀sì, àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹni méjì sì jẹ́rìí sí i. Ọmọ ọdún 19! Ṣé mo lè bá a fọwọ́ sí i láti ibí?

Lọ́yà Ìyágankú: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ò lè fọwọ́ sí i. Láti 2001 ni Kóòtù Gíga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Okonkwo pé àgbàlagbà tórí rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀. Ti ẹjọ́ Esabunor ní 2019, níbi tí kóòtù ti fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fún ọmọ lẹ́jẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ fẹ́, ọmọ ọwọ́ nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ sọ fún dókítà pé orí ọmọ ò pé, pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe fún àbúrò ìyàwó mi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èmi náà pa irú irọ́ yẹn mọ́ àbúrò mi obìnrin. Dókítà jókòó tì í, ó bi í pé ọjọ́ wo la wà lónìí, ó bi í lóhun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá gba ẹ̀jẹ̀. Ó dáhùn gbogbo ẹ̀. Ó wá yíjú sí mi: "Àǹtí, ẹ ní wèrè ni mí?" Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò gbé fóònù mi.

Ìyá Àdìó, ẹ ní kí gbogbo èèyàn jáde, ẹbí àti àwọn alàgbà ìjọ, kí dókítà bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Kó bi í: albumin, èròjà kan tí wọ́n ń yọ látinú ẹ̀jẹ̀, ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹni padà síni lára lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ńkọ́, bí wọ́n bá ní in? Ìjọ wọn fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn kálukú.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò ìyàwó mi wà láàyè, ó ti bímọ méjì.

Nọ́ọ̀sì Leeds: A dúpẹ́. Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀?

Bàbá Ìbejì: Ìyàwó mi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọjà'ba, London: Ìyá Àdìó, ẹ ti jẹun? Àbí kò sí àmàlà ní Manchester yẹn ni?

Àdùkẹ́ Bẹẹrẹ, Manchester: Ẹ má bú wa o! Ti Peckham yín, ẹ̀kọ tí òjò pa ni.

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́. Ta ló rántí gbẹ̀gìrì Mọ́kọ́lá láàárọ̀, tí èéfín igi á ti bá èèyàn ní títì?

Ọmọ Ọjà'ba: Ẹ má pa mí lẹ́kún.

Ìyá Àdìó: Gbẹ̀gìrì yẹn lòun náà fẹ́ràn. Wọ́n ti jáde báyìí, dókítà ti ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi wà ní kọ́rídọ̀, ó ní òjò ń rọ̀ sórí páànù, òun ò gbọ́ nǹkan kan.